Wíwá fáìlì ìṣètò nínú iṣẹ́ JavaScript

Fáìlì ìṣètò ni fáìlì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kọ ìlànà iṣẹ́ irinṣẹ́ wọn sí. Kí irinṣẹ́ bíi ESLint, Stylelint tàbí Babel tó lè tẹ̀ lé ìlànà náà, ó ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí fáìlì ọ̀hún wà. Ìwákiri yìí ló ń fa wàhálà ju ohun tó wà nínú fáìlì náà lọ.

Láíbúrárì, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ètò mìíràn lè yá lò, tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ń lò fún un ni cosmiconfig, tí David Clark gbé jáde lọ́dún 2015. Ká ní orúkọ irinṣẹ́ wa ni agogo. Nínú fódà kan, cosmiconfig á kọ́kọ́ ṣí package.json, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe iṣẹ́ JavaScript, wò bóyá abala tó ń jẹ́ agogo wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, á wá .agogorc, lẹ́yìn náà .agogorc.json, .agogorc.yaml àti àwọn ìyókù, títí dé agogo.config.js. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá ni yóò lò, kì í da méjì pọ̀. Lẹ́tà rc tó wà nínú orúkọ náà ti pẹ́: ó wá láti inú runcom, ohun èlò kan nínú CTSS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1960.

Bí fódà yẹn kò bá ní ìkankan nínú wọn ńkọ́? Ìwákiri lè gòkè lọ sí fódà tó gbé e dání, bí ẹjọ́ tí baálé kò rí parí ṣe ń lọ síwájú ìjòyè. Ibi tó yẹ kó dúró ni ọ̀rọ̀ wà. Títí dé ẹ̀yà 8, cosmiconfig máa ń gòkè dé fódà ilé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, .agogorc tí ẹnì kan gbàgbé sí /home/ade lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè máa darí /home/ade/itaja/src láìsí ẹni tó mọ̀, tí kóòdù kan náà á sì máa hùwà ọ̀tọ̀ lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Láti ẹ̀yà 9, tó jáde lọ́dún 2023, kì í gòkè mọ́ àfi tí wọ́n bá ní kó gòkè. Ìlànà project ní kó dúró síbi tó bá ti rí package.json, global ní kó máa lọ. Àtúnṣe tó dáa ni. Ṣùgbọ́n níbi tí iṣẹ́ ńlá kan bá ti kó ọ̀pọ̀ kékeré sínú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní package.json tirẹ̀, project kò ní rí fáìlì tó wà lókè pátápátá.

Tẹ́lẹ̀, ESLint ní tirẹ̀ máa ń da gbogbo .eslintrc tó bá lójú ọ̀nà pọ̀, títí tó fi máa rí èyí tí wọ́n kọ root: true sí. Nígbà tí ẹ̀yà 9 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, eslint.config.js gba ipò rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń kà. Vite, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, kì í gòkè rárá.

Kíkà tún yàtọ̀ sí wíwá. JSON àti YAML kò ju àkọsílẹ̀ lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́mà kan lẹ́yìn ohun tó gbẹ̀yìn ti tó láti mú kí JSON kọ̀. Agogo.config.js ní tirẹ̀ jẹ́ kóòdù: kíkà á ni ṣíṣe é. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ àjèjì sílẹ̀, tó sì pe irinṣẹ́ nínú rẹ̀, ti gba kóòdù àjèjì náà láàyè lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ohun tí cosmiconfig ń dá padà ní config, ìyẹn ìlànà fúnra rẹ̀, àti filepath, ìyẹn ibi tó ti rí i. Filepath yìí ló yẹ kí irinṣẹ́ tẹ̀ jáde nígbà tí nǹkan bá dojú rú. Ibẹ̀ náà ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà fáìlì bíi ./awo.css tí wọ́n bá kọ sínú ìṣètò, kì í ṣe fódà tí wọ́n dúró sí nígbà tí wọ́n pe irinṣẹ́. Láíbúrárì náà tún máa ń rántí èsì tó ti rí. Irinṣẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìdúró gbọ́dọ̀ pe clearCaches kó tó lè rí àyípadà tí wọ́n ṣe sí fáìlì náà.