Kì í ṣe gbogbo ẹyinjú ni wọ́n ń pààrọ̀

Bí glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, bá ti gba ojú ẹnìkan, kì í pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ará ilé yóò fi sọ ọ́: "Ṣé wọn ò lè bá wọn pààrọ̀ ojú náà ni? Kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú tèmi fún wọn." Ìfẹ́ ló ń fọhùn níbẹ̀, n kì í sì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ kò sí dókítà kan láyé tó lè fi ojú ẹlòmíì mú ẹni tí glaucoma ti fọ́ lójú ríran. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí àwọn èèyàn ń pè ní "pípààrọ̀ ojú" kéré sí bí orúkọ yẹn ṣe tóbi tó. Awẹ́ tín-ín-rín kan ni wọ́n ń pààrọ̀ níwájú ojú. Ìyókù, ti olójú ni.

Kọ́níà ni wọ́n ń pe awẹ́ náà. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan, kí ẹ wo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ó rí nǹkan tó mọ́ gaara bí omi, tó yọ díẹ̀ síwájú dúdú ojú, bíi gíláàsì tó bo ojú aago ọwọ́. Òun nìyẹn. Ìbú rẹ̀ kò pé mìlímítà 12, nínípọn rẹ̀ láàárín kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ. Ẹ̀jẹ̀ kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Láti inú afẹ́fẹ́ ìta ló ti ń mí, omi ojú ló ń bá a gbé e wọlé. Pẹ̀lú bó ṣe fẹ́lẹ́ tó yìí, òun ló ń ṣe nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ títẹ ìmọ́lẹ̀ kí àwòrán lè balẹ̀ síbi tó yẹ lẹ́yìn ojú. Lẹ́ńsì inú ojú, tí kátárátì máa ń sọ di kùrukùru, ló ń ṣe ìyókù. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kátárátì fún kò tíì pààrọ̀ kọ́níà o. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "funfun bo ojú" làwọn èèyàn máa ń pe méjèèjì.

Ibi tí wàhálà wà fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ẹyinjú ni iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ. Fọ́nrán inú iṣan yìí lé ní mílíọ̀nù kan, bí wọ́n bá sì ti gé e, kì í so padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn dókítà ilé ìwòsàn NYU Langone ní New York gbé odindi ẹyinjú òkú kan pẹ̀lú apá kan ojú rẹ̀ (ìyẹn face) sára ọkùnrin tí iná mànàmáná ti bà lójú jẹ́. Iṣẹ́ abẹ náà gbà wọ́n tó wákàtí 21. Ẹyinjú náà kò kú, ẹ̀jẹ̀ ń sàn nínú rẹ̀, dókítà sì gbà pé ohun ńlá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò ríran. Glaucoma rèé, iṣan yẹn gan-an ló ń pa.

Ti kọ́níà yàtọ̀ pátápátá, ó sì ti pẹ́. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1905 ni dókítà ojú kan, Eduard Zirm, ṣe é ní ìlú Olomouc, tó wà lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà. Alágbàṣe kan ni ẹfun oníkẹ́míkà jó lójú méjèèjì. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan sì wà tí irin ti wọ̀ lójú, tí wọ́n ní láti yọ ẹyinjú rẹ̀ kúrò. Zirm gé kọ́níà ọmọ yìí, ó fi sí ojú alágbàṣe náà. Ojú kan kọ̀ ọ́, ojú kejì gbà á, ọkùnrin náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú kọ́níà wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe: àwọn ọmọ ogun ara kì í tètè fura sí àlejò tó bá wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì máa ń fura nígbà mìíràn o, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ojú tí wọ́n ti ṣe bá pọ́n, tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀, tàbí tó tún ń ríran bàìbàì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e tọ dókítà lọ.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé ohun tí òkú rí kó tó kú ni ẹni tí wọ́n fún ní kọ́níà rẹ̀ yóò máa rí. Ẹ gbà mí. Ṣé gíláàsì fèrèsé máa ń rántí ẹni tó kọjá níwájú rẹ̀ lánàá ni? Àwọ̀ ojú náà kì í yí padà, torí òrùka tó ní àwọ̀ nínú ojú wà lẹ́yìn kọ́níà, wọn ò sì fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rù tó burú jù, lójú tèmi, ni ti àwọn tó gbà pé bí wọ́n bá fi kọ́níà òkú wọn tọrẹ, ihò ni wọ́n máa rí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ́níà àti òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ lára funfun ojú ni wọ́n ń mú. Níbi tí wọ́n bá ti yọ ẹyinjú pátá, wọ́n máa ń fi ohun tó rí roboto rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì pa ìpéǹpéjú dé. Ẹni tó ń lo awò ojú lè fi tọrẹ, ẹni tó ní kátárátì náà lè fi tọrẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 116 fi hàn pé nǹkan bíi 185,000 kọ́níà ni wọ́n pààrọ̀ lọ́dún 2012, àti pé kọ́níà kan péré ló wà fún èèyàn 70 tó nílò rẹ̀.

Lóde òní, wọn kì í sábà pààrọ̀ odindi kọ́níà pàápàá bí kò bá pọn dandan. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbọ́n omi jáde bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kì í hù padà lára èèyàn. Bí wọ́n bá ti dín kù jù, omi á kún kọ́níà, ẹni náà á jí láàárọ̀ bíi pé ìkùukùu wà lójú òun, títí ọ̀sán fi máa là á díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ti ń fa omi náà lẹ́yìn tí ó lajú. Awẹ́ ẹ̀yìn yẹn nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀ fún irú wọn, ọ̀nà tí dókítà Gerrit Melles àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Netherlands. Nínípọn rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 50 mìlímítà kan. Wọ́n á rẹ ẹ́ ní aró búlúù kí dókítà lè rí i, torí bó bá ti bọ́ sínú omi, ńṣe ló máa ń ká bí ẹní. Dókítà á máa rọra ta ojú náà pẹ́pẹ́ títí tí yóò fi tẹ́, á wá fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kó lè gbé e lẹ̀ mọ́ òkè. Aláìsàn á wá fẹ̀yìn lélẹ̀, á kọjú sí àjà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò sí okùn tí wọ́n fi rán awẹ́ náà. Ní Japan, dókítà Shigeru Kinoshita àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tún gbé e síwájú: wọ́n jábọ̀ lọ́dún 2018 pé àwọn gún sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú hù ní yàrá ìwádìí sójú èèyàn 11, tí wọ́n sì ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta kí sẹ́ẹ̀lì náà lè rọ̀ sílẹ̀ síbi tó yẹ.

Nítorí náà, ibo ló bàjẹ́ nínú ojú náà? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi dókítà nìyẹn, kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ pípààrọ̀. Bó bá ní kọ́níà ni, ọ̀nà wà. Bó bá ní iṣan ni, oògùn tó ń dín ìfúnpá inú ojú kù ni ẹ ó tẹra mọ́, kí èyí tó ṣẹ́kù má baà lọ. Ní ti ará ilé tó fẹ́ yọ ojú tirẹ̀ sílẹ̀ yẹn, glaucoma máa ń rìn nínú ẹbí, kì í sì í dun èèyàn níbẹ̀rẹ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú tirẹ̀ náà wò lọ́jọ́ tó bá bá aláìsàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.