Jákẹ́ẹ̀tì búlúù, jákẹ́ẹ̀tì dúdú: bí ẹgbẹ́ ọmọ àgbẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní sùkúùlù Amẹ́ríkà

Ní sùkúùlù tí mo lọ nílé, oko wà lẹ́yìn kíláàsì, àmọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹni tó bá pariwo nígbà tí tíṣà ń kọ́ni, ẹni tí ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, àwọn ni wọ́n máa ń kó lọ síbẹ̀ tàdátàdá. Ibi ìyà la mọ oko sí. Tẹ́nì kan bá sì fẹ́ bú ẹ kó dùn ẹ́ dénú egungun, "ará oko" ló máa pè ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbà mí lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọmọ sùkúùlù kan ní ìlú kékeré kan ní Ohio, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ ẹ̀ sí láyà, orúkọ ìpínlẹ̀ ẹ̀ àti ti ìlú ẹ̀ wà lẹ́yìn gbàgàdà, ó sì ń rìn bí ọmọ ọba. Mo bi í pé ẹgbẹ́ wo lèyí, ó ní FFA ni, ẹgbẹ́ àwa tá à ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àtọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí bó ṣe jẹ́ pé níbì kan láyé, ọmọ àgbẹ̀ ló ń wọ aṣọ tí gbogbo sùkúùlù ń wò.

Ohio yẹn náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní 15 oṣù kìíní 1902, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn sùkúùlù àdúgbò Springfield, A. B. Graham, kó àwọn ọmọ bí ọgbọ̀n jọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ilé ẹjọ́ ìlú. Ó ní kí wọ́n máa gbin àgbàdo, kí wọ́n máa fi pépà litmus, tó ń fi hàn bóyá ilẹ̀ ní ásíìdì, yẹ ilẹ̀ oko bàbá wọn wò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin ló kó jọ o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń nàka sí tí wọ́n bá ń sọ ibi tí 4-H, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ míì tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, ti ṣẹ̀. Àmọ́ 4-H ò sí lábẹ́ sùkúùlù, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àgbẹ̀ nímọ̀ ló bọ́ sí, FFA ló wá wọ inú kíláàsì jókòó.

Owó ló gbé e wọbẹ̀. Ní oṣù kejì 1917 Ààrẹ Woodrow Wilson fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n fi orúkọ àwọn aṣòfin méjì láti Georgia pè, Hoke Smith àti Dudley Hughes, òfin yẹn ní kí ìjọba àpapọ̀ máa gbé owó sílẹ̀ láti san owó oṣù tíṣà tó bá ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní sùkúùlù gíga. Májẹ̀mú kan wà nínú òfin náà tí mo fẹ́ràn gan-an: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ oko fúnra ẹ̀, ó kéré tán oṣù mẹ́fà lọ́dún, kí tíṣà sì máa bójú tó o. Ìyẹn ni pé kíkọ ìwé nìkan ò tó. Ọmọ á ra ẹlẹ́dẹ̀ kan, á máa bọ́ ọ, á máa kọ iye owó oúnjẹ ẹ̀ sínú ìwé, tíṣà á wá sílé wá wo ẹlẹ́dẹ̀ náà, á bá bàbá sọ̀rọ̀, á bá ìyá sọ̀rọ̀. Nílùú kékeré, tíṣà àgbẹ̀ mọ ilé gbogbo ọmọ tó ń kọ́, àtilé àtọgbà ẹran wọn. Mi ò mọ tíṣà míì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọmọ fara mọ́ ọn débi pé kílọ́ọ̀bù kéékèèké ń hù káàkiri kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀.

Síbẹ̀ ìtìjú wà ńlẹ̀. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni, owó irè oko ti já wálẹ̀, ìlú ńlá ń fa àwọn ọ̀dọ́ lọ, ìkànìyàn 1920 ló sì kọ́kọ́ fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àwọn tó ń gbé nígboro ti pọ̀ ju àwọn tó ń gbé lóko lọ. Ọmọ àgbẹ̀ tó bá wọ sùkúùlù gíga, á rò pé àwọn ọmọ ìgboro ti gbọ́n ju òun lọ, kò ní lè dìde sọ̀rọ̀. Ará oko táà ń sọ yìí náà ni, òyìnbó náà ní tiẹ̀.

Ohun tí àwọn olùkọ́ kan rí ní Virginia nìyẹn. Walter Newman ló ń bójú tó ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ fún ìpínlẹ̀ náà, òun àti Henry Groseclose, Edmund Magill pẹ̀lú Harry Sanders tí wọ́n ń kọ́ni ní Virginia Polytechnic ní Blacksburg, wọ́n jókòó ní 1925, wọ́n ní ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà tó máa jẹ́ kí ọmọ àgbẹ̀ lè sọ̀rọ̀ láwùjọ kó sì máa yangàn pé ọmọ àgbẹ̀ lòun. Groseclose, tóun fúnra ẹ̀ jẹ́ ọmọ ìletò kan tí wọ́n ń pè ní Ceres, ló kọ òfin ẹgbẹ́ náà. Wọ́n gbé e síwájú àwọn ọmọ ní Blacksburg ní oṣù kẹrin 1926, orúkọ ẹ̀ ni Future Farmers of Virginia, ìyẹn Àwọn Àgbẹ̀ Ọ̀la Virginia, ní kúkúrú FFV. Ẹni tó bá mọ Virginia á mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti lólówó tẹ́lẹ̀: FFV, ìyẹn First Families of Virginia, ni wọ́n ń pe àwọn ìdílé ńlá àtijọ́ ìpínlẹ̀ náà, àwọn ọmọ onílé, àwọn tí baba ńlá wọn kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n wá fi dá ọmọ oko lọ́lá!

Ó tàn kíá. Ọdún yẹn náà ni àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní Kansas City, Missouri, níbi ọjà àfihàn ẹran ńlá tó ń wáyé níbẹ̀, wọ́n á wá díje lórí ẹni tó mọ màlúù tó dáa wò jù. Ibẹ̀ ni ọmọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láti ìpínlẹ̀ 18 ti pàdé ní Hotel Baltimore ní 20 oṣù kọkànlá 1928, wọ́n dá Future Farmers of America sílẹ̀, wọ́n yan Leslie Applegate láti New Jersey ṣe ààrẹ, Groseclose di akọ̀wé àti akápò. Owó ẹgbẹ́, sẹ́ńtì mẹ́wàá lọ́dún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣí ìpàdé. Kì í ṣe pé wọ́n kàn jókòó. Oyè kọ̀ọ̀kan ní àmì tó ń jókòó tì, ààrẹ lábẹ́ oòrùn tó ń yọ, igbákejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ìtúlẹ̀, akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣiiri àgbàdo, olùṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tíṣà wọn fúnra ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwìwí. Oníkálùkù á dìde, á sọ ìdí tóun fi wà níbi tóun wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ò lè lajú sọ̀rọ̀ níwájú bàbá ẹ̀, ẹ fún un ní òòlù ìpàdé lọ́wọ́, kó sọ fún ẹgbẹ́ pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì jókòó lóòótọ́, ọmọ náà ò ní rí bákan náà mọ́. (Àwa tá a ti ibi tí òwìwí jẹ́ ẹyẹ tí èèyàn ń sá fún wá, ọgbọ́n lòyìnbó fi í ṣe àmì fún.) Ní 1930 wọ́n tún gba ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan wọlé tí E. M. Tiffany láti Wisconsin kọ, títí dòní ọmọ tuntun ń kọ́ ọ sórí, wọ́n sì ń fi díje.

Jákẹ́ẹ̀tì wá dé ní 1933. Fredericktown, Ohio, ìlú kékeré ni, tíṣà àgbẹ̀ wọn, J. H. Lintner tí wọ́n ń pè ní Gus, fẹ́ kí àwọn ọmọ báńdì òun ní aṣọ kan náà láti wọ lọ sí Kansas City, ó wá ní kí wọ́n rán jákẹ́ẹ̀tì kọ́dúrọ́ì búlúù. Nígbà tí àwọn aṣojú láti ìpínlẹ̀ yòókù rí i, wọ́n dìbò ọdún yẹn gan-an pé òun ni aṣọ ẹgbẹ́. Àwa Yorùbá mọ ohun tí aṣọ ẹbí ń ṣe, mi ò níí ṣàlàyé jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtàn máa ń parí sí nìyí, ìdajì ni. Torí nínú Virginia yẹn kan náà, ní oṣù karùn-ún 1927, kí FFA gan-an tó délẹ̀, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti dá tiwọn sílẹ̀ ní Virginia State College, New Farmers of Virginia. Òfin ló ya sùkúùlù wọn sọ́tọ̀ ní gúúsù, ọmọ dúdú ò lè bá ọmọ funfun jókòó ní kíláàsì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kílọ́ọ̀bù. H. O. Sargent, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló dá àbá, àwọn olùkọ́ méjì níbẹ̀, G. W. Owens àti J. R. Thomas, ló bá a gbé e dìde, Owens ló kọ òfin ẹ̀. Ó ràn dé àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù yòókù, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ 1935 wọ́n pàdé ní Tuskegee, Alabama, nílé ẹ̀kọ́ tí Booker T. Washington, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú tí òkìkí ẹ̀ kàn, tẹ̀ dó, wọ́n sọ ọ́ di New Farmers of America, NFA.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí. Jákẹ́ẹ̀tì dúdú ni tiwọn, kọ́dúrọ́ì náà ni, àwọ̀ wúrà ni iṣẹ́ ọnà ara ẹ̀. Oòrùn, ohun ìtúlẹ̀ àti òwìwí wà nínú àmì wọn, àmọ́ níbi tí FFA fi àgbàdo sí, òwú tó ti là ni wọ́n fi sí. Òwú! Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kó baba ńlá wọn lẹ́rú, tí wọ́n fi pàṣán lé wọn lórí ẹ̀, òun ni àwọn ọmọ yìí gbé sáyà. Àkàsọ̀ oyè wọn bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó jẹ́ lébìrà lóko, ó lọ sí àgbẹ̀ tó ti tẹ̀ síwájú, àgbẹ̀ ìgbàlódé, títí dé àgbẹ̀ tó ga jù. Wọ́n sì ní ìdíje orin ẹlẹ́ni mẹ́rin, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin á dúró, wọ́n á kọrin. Ẹgbẹ́ odidi ni, kì í ṣe àfarawé.

Lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964, wọn ò lè ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ mọ́, ní 1965 NFA wọ inú FFA pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ó yẹ kí ilẹ̀kùn ṣí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ẹni méjì bá fẹ́ra, tilé tọ̀nà ẹni méjèèjì ló yẹ kó wà nínú ilé. Níbí, orúkọ FFA ló kù, jákẹ́ẹ̀tì FFA, àmì FFA. Òwú kúrò níbẹ̀, àkàsọ̀ oyè NFA lọ, jákẹ́ẹ̀tì dúdú di ohun ìrántí nínú àpótí. Bí wọ́n sì ṣe ń da sùkúùlù pọ̀ ní gúúsù, ọ̀pọ̀ tíṣà aláwọ̀ dúdú ló pàdánù iṣẹ́, àwọn tó mọ ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń wá wo ẹlẹ́dẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin náà, tí Graham ti kó mọ́ tiẹ̀ láti 1902, 1969 ni FFA tó ṣílẹ̀kùn fún wọn jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní 1982 ọ̀kan nínú wọn, Jan Eberly, di ààrẹ. Ní 1988 wọ́n yí orúkọ padà sí National FFA Organization, torí kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń lọ dáko mọ́, àwọn ọmọ tó fẹ́ di dókítà ẹran tàbí onímọ̀ oúnjẹ wà níbẹ̀, iye wọn lónìí ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ní 1994 ni wọ́n yan Corey Flournoy, ọmọ Chicago tó lọ sùkúùlù gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì búlúù ló wọ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ká jákẹ́ẹ̀tì dúdú sílẹ̀, òun ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó di ààrẹ gbogbo ẹgbẹ́ náà, tó jókòó síbi oòrùn tó ń yọ.