Ibi tí omi orí kẹ́ṣọ́ọ̀pù ti ń wá

Ẹni tó bá ti dojú ìgò kẹ́ṣọ́ọ̀pù (ketchup), ìyẹn tòmátì sísè tó ki tí wọ́n ń dà sórí oúnjẹ, kodò sórí ọ̀dùnkún díndín rí á mọ omi tí à ń wí. Kẹ́ṣọ́ọ̀pù gan-an kò tíì yọjú tí omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan á ti ṣáájú rẹ̀ tú jáde, tí á sì rin oúnjẹ gbingbin. Oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n sábà máa ń fura sí, pé ó bomi là á. Ẹ̀sùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Omi náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé ìgò. Ohun tó dì í mú ló ń tú u sílẹ̀.

Bí a bá gbé 100 gíráàmù tòmátì tó pọ́n sórí òṣùwọ̀n, nǹkan bí 94 nínú rẹ̀ ló jẹ́ omi. Iléeṣẹ́ á sè é títí á fi ki, wọ́n á fi fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ sí i, síbẹ̀ omi ṣì ló pọ̀ jù nínú ohun tó wọ inú ìgò. Ohun tí kì í jẹ́ kó máa ṣàn ni àwọn fọ́nrán tín-ín-tín-ín ara tòmátì, pẹ̀lú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pectin, èyí tó ń so ara èso pọ̀ nígbà tó ṣì wà lóko. Wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí àwọ̀n, omi sì há sójú àwọ̀n náà. Há ló há o, kò di ara àwọ̀n.

Tí ìgò bá ti wà lójú kan fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn fọ́nrán yìí á máa sún mọ́ra, àwọ̀n á máa súnkì, á wá máa fún omi jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń rọra fún kànìnkànìn. Ẹ̀kọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tú ewé ẹ̀kọ tó sùn mọ́jú: á ti le ju ti àná lọ, omi díẹ̀ á sì ti sun sínú ewé. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ẹlẹ́kọ ló bu omi síbẹ̀. Sítáàṣì inú àgbàdo ló ń kó ara jọ bó ṣe ń tutù, tí kò fi sáyè fún omi mọ́. Omi tó máa ń lé sójú yoghurt náà, wàrà tó dì ló súnkì tó fún un jáde.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ tòmátì ni wọ́n ti ń pinnu bóyá á tètè tú omi tàbí kò ní tètè tú. Àwọn èròjà kan wà nínú tòmátì tí wọ́n ń jẹ́ enzyme. Níwọ̀n ìgbà tí èso bá wà lódindi, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n tí ara tòmátì bá ti fọ́ báyìí, wọ́n á dojú kọ pectin, wọ́n á máa gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó wà lára ohun tó ń fà á tí ata tí wọ́n lọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ fi máa ń pín sí méjì kí ọlọ́bẹ̀ tó gbé ike rẹ̀ délé, omi lọ́tọ̀, ìdì ata lọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ kẹ́ṣọ́ọ̀pù tó ki kì í fún enzyme láyè rárá: bí wọ́n ṣe ń fọ́ tòmátì ni wọ́n ń fi ooru tó tó 90°C bá a, enzyme á kú, pectin á yè. Èyí tí wọ́n bá fọ́ nínú ooru bíi 65°C máa ń mú àwọ̀ àti adùn tòmátì tútù dání jù, àmọ́ ó máa ń ṣàn. Ti mímu ni wọ́n sábà máa ń fi irú ẹ̀ ṣe.

Àwọn kan tún ń fi xanthan gum, èròjà kan tó ń mú nǹkan ki, kún un. E415 ni wọ́n ń kọ fún un lára ìgò míì. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Xanthomonas campestris ló ń ṣe é, òun kan náà ló ń ba ewé kábéèjì jẹ́ lóko, tí ewé á pọ́n, tí iṣan rẹ̀ á sì dúdú. Láti 1969 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi sóúnjẹ. Kín-ún báyìí ti tó. Ó ń fà bí ilá, omi tó bá kó sí i lọ́wọ́ kì í tètè rọ́nà lọ.

Omi orí kẹ́ṣọ́ọ̀pù kì í pani lára, iyọ̀ àti fínígà wà nínú òun náà. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bani ni ìgò ike tó wú, ìdérí tó ń ta fùù tí wọ́n bá ṣí i, tàbí kẹ́ṣọ́ọ̀pù tójú rẹ̀ ti bu. Ní 2014, àwọn ọmọ iléèwé girama méjì ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ 3D tẹ ìdérí kan jáde nítorí omi yìí: túùbù kan yọrí nínú rẹ̀ bí olú, omi á dúró yí ìdí túùbù ká, kẹ́ṣọ́ọ̀pù á gba ojú túùbù kọjá. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ kéèyàn mi ìgò dáadáa kó tó ṣí i, kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ músítádì yàtọ̀ díẹ̀. Hóró tí wọ́n lọ̀ sínú fínígà ni, hóró sì wúwo ju omi lọ, nítorí náà ó ń rì. Ògì nìyẹn gẹ́lẹ́: ògì á rì sísàlẹ̀, omidùn á tòrò sókè. Bí ìyẹ̀fun bá ṣe kúnná tó ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó rì. Ẹ mì í, ó parí.

Tó bá wá kan epo, òkè lepo ń lọ, torí ó fúyẹ́. Nǹkan bí ìdajì ẹ̀pà lepo, ìdí nìyí tí epo fi máa ń léfòó sórí bọ́tà ẹ̀pà tí wọn ò fi nǹkan míì sí. Ohun tí ẹni tó ń ṣe bọ́tà ẹ̀pà ò fẹ́, òun lẹni tó ń ṣe kúlíkúlí ń wá: ṣe ló ń po ẹ̀pà lílọ̀, tó ń ta omi gbígbóná sí i, títí epo á fi ya kúrò lára ìyókù. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń fi epo tí wọ́n ti mú kó dì sínú bọ́tà ẹ̀pà, kó lè di ìyókù mú.

Mayonnaise ló lágídí jù. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, epo inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 65 nínú 100, epo yìí sì fọ́n ká sínú omi díẹ̀ ní ẹ̀kán tí ojú lásán ò lè rí. Lecithin inú pupa ẹyin ló bo ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bí awọ: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ń bá omi rẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ń bá epo rẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ sínú fírísà ti ba nǹkan jẹ́. Omi á di yìnyín, yìnyín á gún awọ yẹn, tó bá sì yọ́, epo á pàdé epo, á lé sókè. Kéèyàn mi ìgò di ọ̀la, kò ní padà. Pupa ẹyin tuntun ni kí wọ́n fọ́ sínú abọ́ míì, kí wọ́n máa kán èyí tó ti tú yẹn sí i díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa lù ú láìdáwọ́ dúró. Tí wọ́n bá kánjú dà á sí i lẹ́ẹ̀kan, á tún tú.