Òjé nínú ẹ̀jẹ̀: kí ló ń ṣe fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara?

Ní 2025, ìròyìn gbòde nípa àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù láti kó òjé (lead) inú wọn ní Ògijo, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 70 tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè náà wò; nínú èèyàn mẹ́wàá, òjé ti pọ̀ dé ìwọ̀n tó léwu nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn méje. Pé òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, a ti ń gbọ́ ọ. Pé ó ń da ààbò ara rú ló ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu.

Ṣé ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ni?
Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá.

Kí ló wá ń ṣe fún wọn?
Ó ń ṣì wọ́n lọ́nà. Calcium, èròjà tó ń mú egungun le, ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ nínú ara rẹ̀, òjé sì máa ń jókòó sípò calcium. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní Th1 ló ń darí ìjà pẹ̀lú kòkòrò tó sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì, bíi fáírọ́ọ̀sì. Th2 ń gbógun ti aràn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ikọ́ fée. Òjé ń fa Th1 sẹ́yìn, ó ń ti Th2 síwájú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò mì náà kò bọ́: wọ́n á gbé e mì tán, nitric oxide, gáàsì tí wọn ìbá fi pa á, kò ní tó. Lára eku ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú èyí.

Àyẹ̀wò ní sẹ́ẹ̀lì funfun mi pé. Ṣé mo ti bọ́ nìyẹn?
Àyẹ̀wò yẹn ń kà wọ́n lórí ni, kì í bi wọ́n léèrè iṣẹ́. Àyẹ̀wò òjé gan-an ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe.

Mi ò sún mọ́ bátìrì. Kí ló kàn mí?
Ẹ wo inú ìgò tìróò yín. Ní Boston, l'Amẹ́ríkà, ní 2011, wọ́n bá òjé tó tó máíkírógíráàmù 13 nínú desílítà ẹ̀jẹ̀ kan lára ọmọ oṣù mẹ́fà tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà. Lónìí, 3.5 ni wọ́n fi ń dá ọmọ tí tiẹ̀ ti pọ̀ jù mọ̀ níbẹ̀. Tìróò tó ti Nàìjíríà wá ni wọ́n ń lé fún un; òjé inú rẹ̀ lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó ní òjé. Ẹ má lé e fún ọmọ.

Ṣé kí ọmọ má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́?
Kó gbà á! Ọmọ tí ààbò ara rẹ̀ mẹ́hẹ ló nílò rẹ̀ jù.

Ṣé àgbo lè fọ òjé kúrò lára?
Rárá. Inú egungun ló ń sá sí, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Oògùn tó ń fà á jáde wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ló ń gbé. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ dí ibi tó ń gbà wọlé: kí òṣìṣẹ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó wọlé, kí ẹ fi omi nu ilẹ̀ dípò gbígbá eruku, kí ọmọ máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja, nítorí inú tó ṣófo tí kò ní irin àti calcium ni òjé ń tètè wọ̀.