Kí ni spyurk? Ìfọ́nká àwọn ọmọ Arméníà àti ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wọn àti àwọn ará Tọ́kì

Spyurk ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ Arméníà ń lò fún gbogbo ènìyàn wọn tó ń gbé lẹ́yìn odi ilẹ̀ ìbílẹ̀ wọn. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó túmọ̀ sí “fọ́n ká” ni wọ́n ti fà á yọ, irú èyí tí à ń lò fún irúgbìn tó dà sílẹ̀ tàbí agbo ẹran tí ẹkùn já lù. Èdè wọn tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn, gaghut, tó ń tọ́ka sí àdúgbò tí àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ bá tẹ̀dó sí nílẹ̀ àjèjì. Bí a bá túmọ̀ spyurk sí “àwọn tó ń gbé òkè òkun” lásán, a ti sọ ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ nù, nítorí pé ẹni tó rìnrìn-àjò mọ ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fọ́n ká lè padà dé kó má bá ilé mọ́.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọmọ Arméníà ń gbé káàkiri àwọn ìlú tó wà ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì òde òní: Van, Kharpert, Diyarbakır, Sivas, Marash, Adana, àti Istanbul fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1915, ìjọba Ottoman, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà kí orílẹ̀-èdè Tọ́kì òde òní tó wà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òǹkọ̀wé, agbẹjọ́rò, àlùfáà àti olórí àwùjọ Arméníà ní Istanbul. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, wọ́n ti ń lé odidi ìlú àti abúlé jáde, wọ́n ń fipá mú àwọn ènìyàn náà fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí aṣálẹ̀ Síríà. Iye tí àwọn òpìtàn ń dá fún àwọn tó kú bẹ̀rẹ̀ láti 600,000, ó sì dé 1,500,000. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí irú ọ̀ràn báyìí ń pè é ní ìpẹ̀yàrun, èyí tí í ṣe pípa ènìyàn pẹ̀lú èrò àtipa ẹ̀yà wọn rẹ́, Ààrẹ Joe Biden ti Amẹ́ríkà náà sì lo orúkọ yẹn ní 2021. Ìjọba Tọ́kì kọ orúkọ náà títí di òní, ó ní ìyà ogun ni, tó jẹ tọ̀tún tòsì. Láìfepo bọyọ̀, àlàyé spyurk tí kò bá dárúkọ 1915 kì í ṣe àlàyé rárá.

Àwọn tó yè é dé Aleppo, Beirut, Cairo, Athens, Marseille, Buenos Aires, Boston àti Fresno. Lẹ́bàá Beirut, àgọ́ asásálà kan di ìlú tí à ń pè ní Bourj Hammoud, àwọn tó kọ́ ọ sì sọ àwọn àdúgbò rẹ̀ ní Nor Marash, Nor Adana àti Nor Sis, èyí tí í ṣe Marash Tuntun, Adana Tuntun àti Sis Tuntun. Àwọn ará abúlé mẹ́fà láti orí òkè Musa Dagh, ní gúúsù Tọ́kì òde òní, tẹ̀dó sí Anjar ní Lẹ́bánọ́nì ní 1939, wọ́n pín ìlú tuntun náà sí ọ̀nà mẹ́fà, wọ́n sì fi orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilẹ̀ adúláwọ̀ náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà gbọ́ ọ: ní 1924, Ras Tafari, ẹni tó di Haile Selassie lẹ́yìn náà, kó 40 ọmọ òrukàn Arméníà láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Addis Ababa láti máa fun fèrè fún ìjọba, ọ̀gá wọn, Kevork Nalbandian, ló sì ṣe ohùn orin orílẹ̀-èdè tí Etiópíà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹrù tó wúwo jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbé kúrò nílé ni èdè. Ẹ̀ka méjì ni èdè Arméníà tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní. Ẹ̀ka Ìlà-Oòrùn ni wọ́n ń sọ ní orílẹ̀-èdè Arméníà àti Iran, ẹ̀ka Ìwọ̀-Oòrùn sì ni ti àwọn tó ti ilẹ̀ Ottoman wá, èyí tó di èdè ọ̀pọ̀ jù lọ nínú spyurk. Álífábẹ́ẹ̀tì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, èyí tí Mesrop Mashtots ṣe ní nǹkan bí ọdún 405, àmọ́ ohùn àti gírámà wọn ti yà. Ọkùnrin tó ń jẹ́ Petros ní Yerevan, olú-ìlú Arméníà, Bedros ni wọ́n ń pè é ní Beirut. Hakob lọ́hùn-ún, Hagop níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun ń kàwé yóò sọ ní Yerevan pé kardum em, ní Beirut yóò sọ pé gı gartam. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì tún àkọtọ́ ṣe ní Arméníà ní 1922, spyurk kò tẹ̀ lé e, wọ́n di ti àtijọ́ mú.

Ní 2010, UNESCO kọ ẹ̀ka Ìwọ̀-Oòrùn yìí mọ́ àwọn èdè tó wà nínú ewu, ní ìpele tó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọdé kò fi í ṣe èdè àbínibí nínú ilé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó sún mọ́ wa ṣe àfiwé lẹ́ẹ̀kan péré. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, tí kò gbọ́ Yorùbá, àwọn òbí rẹ̀ lè fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ìbàdàn nígbà ìsinmi, kó bá ọmọ àdúgbò ṣeré, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń nájà, kó sì padà pẹ̀lú ẹnu tó ti là. Ọmọ tó ń sọ èdè Arméníà ti Ìwọ̀-Oòrùn kò ní Ìbàdàn kankan. Kò sí orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ jẹ́ èdè ìjọba. Bí wọ́n bá sì fi í ránṣẹ́ sí Yerevan, ẹ̀ka kejì ni yóò bá pàdé.

Ìdí nìyí tí spyurk fi ń kọ́ ilé sínú ìwé àti ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọkùnrin Ọlọ́run tó wà ní erékùṣù San Lazzaro ní Venice ti ń kó ìwé àfọwọ́kọ Arméníà jọ láti 1717. Boghos Nubar dá ẹgbẹ́ àánú kan tó ń ṣètò ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Cairo ní 1906, ìwé ìròyìn Hairenik sì ti ń jáde ní Amẹ́ríkà láti 1899. Calouste Gulbenkian, ọlọ́rọ̀ epo rọ̀bì tí wọ́n bí ní Istanbul, fi ọrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ kan ní Lisbon, àjọ yẹn sì fi ìmúpadàbọ̀sípò èdè yìí sí iwájú nínú iṣẹ́ tó ń ṣe fún àwọn ọmọ Arméníà. Láti 2010, àwọn olùṣèwádìí kan ní Berlin ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Houshamadyan, tí wọ́n fi ń gba fọ́tò, lẹ́tà, orin àti ìrántí lọ́wọ́ àwọn ẹbí kárí ayé, tí wọ́n sì fi ń tún ìgbé ayé àwọn ìlú Arméníà ilẹ̀ Ottoman tò: ohun tí wọ́n ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣègbéyàwó, eré tí àwọn ọmọdé ń ṣe.

Níbi tí iṣẹ́ náà dé yìí ni mo ti rí i pé ìpamọ́ àṣà nìkan kò tó, ó yẹ kí spyurk àti àwọn ará Tọ́kì jọ jíròrò. Àwọn ìlú inú fọ́tò wọ̀nyẹn wà ní Tọ́kì. Àwọn tó ń gbé inú wọn lónìí ló mọ ilé tó ṣẹ́ kù, kànga tó gbẹ, àti òkúta ilé ìjọsìn tí wọ́n gbé lọ mọ ògiri mìíràn. Àṣà náà pàápàá kò ṣe é yà kúrò lára ti àwọn Tọ́kì bí ẹni yọ irun lára àkàrà. Ẹ wo orúkọ ìdílé nínú spyurk. Ìparí “-ian” túmọ̀ sí ọmọ tàbí ìdílé lágbájá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tọ́kì ló pọ̀ níwájú rẹ̀: Ekmekjian ni ọmọ aṣebúrẹ́dì, Demirjian ni ọmọ alágbẹ̀dẹ, Terzian ni ọmọ aránṣọ, Boyajian ni ọmọ aláró. Ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn tilẹ̀ ń sọ èdè Tọ́kì nínú ilé, wọ́n sì ń fi lẹ́tà Arméníà kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́tà Arméníà yìí kan náà ni Vartan Pasha, òǹkọ̀wé ọmọ Arméníà ní ilẹ̀ Ottoman, fi tẹ ìtàn àròsọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní èdè Tọ́kì, ní 1851. Ọmọ spyurk tó bá fẹ́ mọ ohun tí baba ńlá rẹ̀ kọ yóò bá èdè Tọ́kì pàdé, ọmọ Tọ́kì tó bá sì fẹ́ mọ ìbẹ̀rẹ̀ lítíréṣọ̀ rẹ̀ yóò bá lẹ́tà Arméníà pàdé.

Ẹni tó mọ èyí dunjú ni Hrant Dink, akọ̀ròyìn ọmọ Arméníà ní Tọ́kì. Ní oṣù Kẹrin 1996, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn Agos sílẹ̀ ní Istanbul, ní èdè Tọ́kì àti Arméníà lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn Tọ́kì lè ka ohun tó ń dun aládùúgbò wọn. Agos ni poro tí ohun ìtúlẹ̀ là sínú ilẹ̀, ibi tí irúgbìn ń bọ́ sí. Àgbẹ̀ Arméníà àti àgbẹ̀ Tọ́kì jọ ń pè é bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún yẹn kan náà, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó pè ní 23.5 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin jẹ́ ọjọ́ àjọyọ̀ àwọn ọmọdé ní Tọ́kì, ọjọ́ 24 sì jẹ́ ọjọ́ ọ̀fọ̀ àwọn ọmọ Arméníà. Àárín ọjọ́ méjèèjì ni ọkùnrin yìí fi ara rẹ̀ sí. Ó tún kọ̀wé sí spyurk pé kí wọ́n má fi ìkórìíra àwọn Tọ́kì ṣe ìpìlẹ̀ ìdánimọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ inú àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyẹn ni ilé-ẹjọ́ fi dá a lẹ́bi ní 2005 pé ó tàbùkù jíjẹ́ ọmọ Tọ́kì. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kíní 2007, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Agos. Nínú fọ́tò ọjọ́ yẹn, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó ní ẹ̀gbẹ́ títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ sì lu. Nǹkan bí 100,000 ènìyàn ló tẹ̀ lé òkú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Tọ́kì, wọ́n gbé pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọ Arméníà ni gbogbo àwọn. Láti 2019, ọ́fíìsì àtijọ́ náà ti di ibi ìrántí tó ń jẹ́ 23.5.

Ìjíròrò tí mo ń sọ yìí yàtọ̀ sí ti ìjọba sí ìjọba. Tọ́kì ti ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ Arméníà láti 1993, ìwé àdéhùn tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní Zurich ní oṣù Kẹwàá 2009 kò di òfin. Ti àwùjọ ni ó rìn jìnnà jù. Ní 2005, wọ́n pàtẹ àwọn káàdì ìkíni àtijọ́ ní Istanbul, tó ń fi ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìjọsìn Arméníà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn hàn, àwọn ará Tọ́kì sì ń wá ìlú tiwọn nínú wọn. Ní oṣù Kejìlá 2008, àwọn ọ̀mọ̀wé Tọ́kì gbé ìwé ìtọrọ àforíjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lé ní 30,000 ènìyàn tó fọwọ́ sí i. Àjálù Ńlá ni ìwé náà pe 1915, kò pè é ní ìpẹ̀yàrun, ìyẹn sì bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú spyurk nínú. Mo gbà pé ìbínú wọn tọ́, nítorí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló mọ orúkọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Síbẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Tọ́kì fi ara rẹ̀ wewu, n kò sì rí i bí àìgbọ́ ohùn rẹ̀ yóò ṣe mú òtítọ́ yá.

Agbẹjọ́rò Fethiye Çetin dàgbà ní Tọ́kì gẹ́gẹ́ bíi Mùsùlùmí, gbogbo ènìyàn sì mọ ìyá ìyá rẹ̀ sí Seher. Ìgbà tí Fethiye ti di àgbà ni ìyá àgbà sọ fún un pé Heranuş ni orúkọ òun gan-an, pé ọmọ Arméníà láti abúlé Habab ni òun, pé wọ́n já òun gbà lọ́wọ́ ìyá òun nígbà ìrìn 1915, àti pé àwọn òbí òun dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó kú ní 2000, ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ìkéde òkú sínú Agos, ó dárúkọ àwọn òbí Heranuş, ó ní òun ń wá ìyókù ẹbí. Ìwé ìròyìn Arméníà kan ní Paris tún ìkéde náà gbé jáde, ibẹ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ní Amẹ́ríkà, Fethiye sì lọ bá wọn lọ́hùn-ún, níbi tí àbúrò tí Heranuş kò fojú rí rí ṣì wà láàyè. Ní Habab, orísun omi méjì tí àwọn ọmọ Arméníà fi òkúta mọ fún abúlé ti wó, omi ti dá nínú wọn. Fethiye àti àjọ tí wọ́n fi orúkọ Hrant Dink dá sílẹ̀ ṣaájú àtúnṣe wọn, iṣẹ́ náà parí ní 2011, àwọn ará abúlé tó ń gbé ibẹ̀ báyìí sì tún ń pọn omi nínú wọn.