Ǹjẹ́ Asọ̀rọ̀mágbèsì Ṣì Ni Rédíò? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí Ilé Iṣẹ́ Ìròyìn Ṣe Ń Bá Ayé Yí

Ìbéèrè: Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pe rédíò. Ṣé orúkọ náà ṣì bá a mu?

Ìdáhùn: Ó bá a mu nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Èyí tí ìjọba amúnisìn gbé dé Èkó ní ọdún 1935, kí ó tó tàn dé Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn, kò ju àpótí kan tí wọ́n fi wáyà fà wọ inú ilé lọ. Onílé ń sanwó lé e lórí, ṣùgbọ́n kò lè yí i sí ilé iṣẹ́ mìíràn, kò sì lè dá a lóhùn. Ohun tó bá sọ ni ẹ óò gbọ́.

Lónìí, èsì ló ń fẹ́ ṣáájú ọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sẹ́yìn atọ́kùn kan ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fóònù méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan fún àwọn tí ń pè, èkejì fún WhatsApp, kí ó sì tó ka àkọlé ìròyìn kẹta tán, ohùn tí àwọn olùgbọ́ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ láti Tákìé, Sabó àti Apáké ti tò bí ọkọ̀ tó ń dúró de epo. Ọmọbìnrin kan jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ki íápíìsì bọ etí, ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yọ èyí tó jẹ́ èébú tàbí ẹ̀sùn tí kò lẹ́rìí kúrò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nígbà tí lẹ́tà nìkan ni èsì olùgbọ́. Ó di dandan báyìí nítorí pé, lábẹ́ òfin àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ni yóò dáhùn fún ohun tí àlejò tàbí olùgbọ́ bá sọ lórí afẹ́fẹ́. Lójú tèmi, ìyípadà yìí ju ti ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ: ilé ìròyìn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ̀rọ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀wà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí rédíò máa ń dákẹ́ nígbà tí gbogbo WhatsApp ti gbà á pé ọba kan ti wàjà?

Ìdáhùn: Nítorí pé ohun méjì ló ń fa olóòtú lápá. Iṣẹ́ rẹ̀ ní kí ó sọ ohun tó bá ti dá a lójú. Àṣà ní kí ẹnikẹ́ni má kéde ìwàjà ọba ṣáájú àwọn ìjòyè tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìwé ìròyìn ń jáde lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, àyè díẹ̀ wà láàárín méjèèjì tí àwọn àgbà fi ń ṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Fóònù ti gba àyè náà.

Ọ̀rọ̀ Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé kò ṣeé gbàgbé. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2015 ni àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé ọba ti wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìjòyè jáde, wọ́n ní Kábíyèsí wà láàyè. Ó sì di oṣù Kẹjọ, ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìkéde tó ti ààfin wá. Ní ti Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta tó wàjà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí gbogbo ayé fi gbọ́. Ẹ̀yìn olóòtú tó bá dúró ni mo wà, bí ó bá lè sọ fún olùgbọ́ pé òun ń dúró. Àmọ́ Yorùbá wo ló máa gbọ́ “à ń dúró de ààfin” tí kò ní ti mọ èsì?

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé fídíò kan kì í ṣe ti òní?

Ìdáhùn: Ẹ̀yìn iná ni wọ́n ń wò. Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ jóná ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Bí ẹnì kan bá tún fi fídíò iná náà ránṣẹ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wo ilẹ̀: ṣé eruku ọyẹ́ ni àbí ẹrẹ̀ òjò? Yóò ka pátákó ìsọ̀, yóò wo nọ́ńbà ọkọ̀, yóò sì gbé àwòrán kan láti inú rẹ̀ sórí Google láti wá ibi tó ti kọ́kọ́ hàn. Lẹ́yìn náà ni yóò pe ẹnì kan tó ń tajà níbẹ̀, èyí tí mo rò pé ó yá ju gbogbo ìyókù lọ.

Ìbéèrè: Ta ló ń sanwó gbogbo rẹ̀?

Ìdáhùn: Kò sí ẹni tó ń san án tó. Òkè òkun ni bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn ti ń wá, nítorí ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Oku Iboku ti kú tipẹ́. Nígbà tí náírà sì já wálẹ̀ ní ọdún 2023, owó bébà bá dọ́là gòkè. Ìpolówó tó ń gbé ìwé ìròyìn ró ti ṣí lọ sọ́dọ̀ Google àti Facebook. Àwọn tí ń yí tábìlì olùtà ìwé ìròyìn ká, tí wọ́n ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ń jiyàn bọ́ọ̀lù, ti kó iyàn wọn lọ sórí fóònù. Ìwé ìròyìn New York Times ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ òǹkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2011, ó sì jẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ra dátà kò ní tún ra ìròyìn lé e. Rédíò ló ṣì ń rí díẹ̀, láti ọwọ́ àwọn alágbo, ìkéde òkú àti àwọn olóṣèlú tí ń ra wákàtí. Ibí yìí ni ọkàn mi kì í ti í balẹ̀, torí ẹni tó ra wákàtí kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe ìròyìn.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn?

Ìdáhùn: Ó ti gba díẹ̀. Láti ọdún 2014 ni ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press ní Amẹ́ríkà ti ń fi ẹ̀rọ kọ ìròyìn èrè àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, nítorí iṣẹ́ nọ́ńbà ni. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó ti rọrùn fún olóòtú tí àkókò há mọ́ láti ní kí ẹ̀rọ túmọ̀ àtẹ̀jáde ìjọba láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Àmì ohùn ni ó sábà máa ń dà á láàmú. Bí àmì bá ṣáko, àwọn ọmọ tí ń pín ogún bàbá wọn lè di àwọn tó ń ja ogun, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì lè di ti Ògún onírin. Ní àárọ̀ tí mo wí yẹn, ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn aago méje gba ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó yọ bírò pupa, ó sì ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń rìn lọ sídìí máíkì.