Ta Ni Kí Ó Dájọ́? Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Òfin Eré Ogun

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn kí ó tó di ìlú, nítorí náà kò yẹ kí ọ̀rọ̀ eré ogun ṣàjèjì sí wa. Eré ogun ni èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe àfarawé ìjà lórí ọpọ́n tàbí lórí máàpù, tí òfin sì ń sọ ẹni tí ó ṣubú, ẹni tí ó sá àti ẹni tí ó borí. Irú òfin wọ̀nyí pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó pín wọn níyà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fi ìdájọ́ sí lọ́wọ́.

Ní 1780, Johann Hellwig, olùkọ́ ìṣirò ní Brunswick nílẹ̀ Jámánì, gbé eré kan jáde tí ó fà yọ láti inú ṣẹ́ẹ̀sì. Ó pín ọpọ́n sí ojúlé-ojúlé, ó sì fi àwọ̀ ṣe àmì ilẹ̀ gidi. Ọmọ ogun tí ó bá dé ojúlé ọ̀tá ni ó sábà máa ń mú un, láìsí pé orí burúkú tàbí orí rere dá sí i. Ìjà gidi kò rí bẹ́ẹ̀.

Baba àti ọmọ kan tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ von Reisswitz ni wọ́n tún un ṣe ní Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì nígbà náà. Baba gbé tábìlì tirẹ̀ lọ bá Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta ní 1812. Ọmọ, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ológun oníbọn ńlá, tẹ ìwé òfin rẹ̀ jáde ní 1824. Máàpù ni òun ń lò. Ìṣẹ́jú méjì ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún, onídàájọ́ ni ó ń gba àṣẹ tí àwọn ọ̀gágun bá kọ, kì í sì í fi han ẹnikẹ́ni ju ohun tí ọmọ ogun rẹ̀ lè rí lọ. Bí ìbọn bá dún, wọ́n á ju dáìsì, wọ́n á wo àtẹ ìṣirò, àtẹ náà á sọ iye tí ó kú. Ọ̀gágun von Müffling rí i, ó sì dábàá rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ogun Prussia.

Àtẹ ìṣirò yìí ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lé lórí. Ìbọn ń yí padà, àtẹ sì gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ogun Kírìjí, láti 1877 sí 1893, yóò lóye èyí, nítorí ìbọn tuntun tí ọta rẹ̀ ń lọ jìnnà, tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó, ló sọ ìṣirò àwọn balógun Ìbàdàn di èyí tí kò bá ìgbà mu mọ́. Òfin náà sì ń pọ̀ sí i débi pé ọwọ́ onídàájọ́ kì í kúrò nínú ìwé. Ní 1876, Ọ̀gágun Verdy du Vernois dábàá pé kí wọ́n pa àtẹ àti dáìsì tì, kí ọ̀gágun tí ó ti rí ogun fi ìmọ̀ ara rẹ̀ dájọ́. Bí òfin ṣe pín sí ẹ̀ka méjì nìyẹn, èyí tí ó le koko àti èyí tí ó fàyè gba ìdájọ́. Lójú tèmi, ìlú tí oyè Balógun kì í ti í ṣe àjogúnbá, tí ó jẹ́ pé akin lójú ogun ni ó máa ń gùn ún láyé ogun, bí Ìbàdàn, yóò gba ti Verdy. Ìdájọ́ Balógun Ìbíkúnlé lórí máàpù yóò wúwo ju ti àtẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí onídàájọ́ bá ń ṣojúsàájú, eré bàjẹ́.

Nígbà tí eré náà dé ọ̀dọ̀ aráàlú, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, H. G. Wells, fi ìdájọ́ sí ọwọ́ òṣèré fúnra rẹ̀ ní 1913: ìbọn ńlá ìṣeré ni wọ́n fi ń ta igi kékeré lu ọmọ ogun ìṣeré, èyí tí ó bá ṣubú ti kú. Ní 1954, Charles Roberts ará Amẹ́ríkà dá àtẹ padà, tí ó ń fi agbára ẹni tí ó kọlu ọ̀tá wé ti ẹni tí ń gbèjà, kí ẹni méjì lè ṣeré láìsí onídàájọ́. Nígbà tí ó fi di 1961, ojúlé onígun mẹ́fà ti wọ inú eré ilé-iṣẹ́ rẹ̀.

Onídàájọ́ náà kò parẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, David Wesely ka ìwé òfin kan tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Charles Totten, tẹ̀ ní 1880, èyí tí ó sọ pé òṣèré lè dán ohunkóhun wò bí onídàájọ́ bá gbà á láyè. Ó fi ṣe eré kan ní 1969; inú irú eré bẹ́ẹ̀ ni Dungeons & Dragons ti jáde ní 1974, níbi tí onídàájọ́ ti ń sọ ìtàn fún àwọn òṣèré, tí ó sì ń ṣèdájọ́ wọn.